Igbá Tó Tàn Láìsí Òṣùpá

Igbá náà ń tàn nínú òkùnkùn.

Kòfowórọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò wọlé, kò sì padà sẹ́yìn. Iyọ̀ ló wá bù. Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Fèrèsé yàrá náà wà ní títì, wọ́n tún ta aṣọ bò ó, òṣùpá àná sì ti wọ̀ kí àkùkọ tó kọ. Kò sí àtùpà, kò sí tọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀ igbá náà ń tàn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tutù, ó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé tuntun, ó sì mọ́lẹ̀ débi pé Kòfowórọlá rí ọwọ́ Àdúrà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú igbá náà, tó rọra ń fi nǹkan pa á bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ tuntun lára.

Àdúrà ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Orin tí wọ́n fi ń kí òṣùpá káàbọ̀ ló ń kọ.

Kòfowórọlá mọ igbá yẹn. Ti Ṣemílọ́rẹ ni, ọmọ Múyìíwá àbúrò wọn, tí àwọn méjèèjì jọ tọ́ dàgbà nítorí pé Ìbàdàn ni bàbá rẹ̀ ń gbé, tó sì ń pe Àdúrà ní Ìyá Àgbà. Igbá tí ọmọ náà máa rù gun àpáta nírọ̀lẹ́ òní ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "kí lẹ̀ ń ṣe?"

Àdúrà yára da ojú igbá náà délẹ̀. Yàrá ṣú. Ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé ọwọ́ ara rẹ̀. Ìka márààrún ṣì ń tàn nínú òkùnkùn, wọ́n dá dúró bí ohun tí kò ní èèyàn lẹ́yìn.

Lójú ẹlòmíràn, ìka tó ń tàn lásán nìyẹn. Lójú ọmọ Òkè-Òṣù, òpin ayé ni.

Abúlé náà wà lẹ́yìn Kuta, níbi tí ọ̀dà ti parí tí ọ̀nà pupa ti bẹ̀rẹ̀. Àpáta ńlá kan wà láàárín rẹ̀ tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Òṣùpá ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, wọn kì í sì í pè é lórúkọ lásán. Olójúòru ni wọ́n ń pè é. Olójúòru ló ń sọ ọjọ́ tí iṣu yóò wọ ebè, òun ló ń sọ ìgbà tí ìyàwó yóò wọlé ọkọ. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá di ìjà, àwọn méjèèjì tó ń jà á máa gun àpáta lọ lábẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú, wọ́n máa búra, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Baálẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í dá ẹjọ́ tí Olójúòru kò bá tíì dá. Àwọn ará Ilé-Ogbó máa ń wá búra níbẹ̀. Kódà, àwọn kan láti agbo ilé àwọn àlùfáà ní Ìwó máa ń yọ́ wá ní ìdájí. Bí wọ́n bá pàdé ẹni tó mọ̀ wọ́n lọ́nà, wọ́n á ní oko làwọn ń lọ.

Olójúòru kò lẹ́nu tó fi ń sọ̀rọ̀. Aya Òṣù ni ẹnu rẹ̀. Wọn kì í fi èèyàn jẹ oyè náà, wọn kì í sì í dù ú. Ní ọdún tí wọ́n bá fẹ́ yan ẹni tuntun, àwọn wúńdíá abúlé á gbé igbá omi lọ sórí àpáta nígbà tí òṣùpá bá ń yọ, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀. Tí òṣùpá bá ti wọ̀, tí ilẹ̀ kò sì tíì mọ́, wọ́n á padà lọ wò ó. Igbá tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀, Olójúòru ti fẹ́ ẹni tó ni ín nìyẹn. Ẹni náà kò ní fẹ́ ọkùnrin mọ́, kò ní bímọ, kò ní sùn ní ìlú mìíràn títí tó fi máa kú.

Ó ti tó ọdún márùndínlógójì tí Kòfowórọlá ti jẹ́ Aya Òṣù. Nígbà tí igbá rẹ̀ tàn, ìdána òun àti ọmọkùnrin Ìwó kan tó ń jẹ́ Mùkáílà ti kù fẹ́ẹ́fẹ́. Ó sunkún, ó sì gbà. Ta ló máa bá òṣùpá jà? Ní báyìí tí àárín orí rẹ̀ ti ń funfun, àsìkò ti tó láti yan ọmọbìnrin tí yóò máa jókòó tì í, tí yóò sì rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Alẹ́ òní ni.

"Pa ilẹ̀kùn yẹn dé," Àdúrà ní.

Kòfowórọlá kò pa á dé. "Kí ló wà lọ́wọ́ yín?"

"Olú ni." Ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ìka rẹ̀, etí ìró náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. "Olú tó ń hù lára igi jíjẹrà nínú igbó. Tí a bá gún un, tí a fi pa inú igbá, á tàn di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Omi kì í bó o."

"Tèmi ńkọ́?"

Àdúrà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní igbá tèmi ńkọ́?"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Ohùn Àdúrà kò lọ sókè. "Bàbá kú, ọdún kò yí po tí Ìyá fi tẹ̀ lé e. Àwọn ará ilé Baálẹ̀ ti kan èèkàn sí oko wa, wọ́n ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀. Múyìíwá ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Èmi, mo ti kó ẹrù mi kúrò nílé ọkọ. Ìwọ ló kù, ìwọ náà sì ti di ẹrù, o fẹ́ máa lọ Ìwó. Láti ọjọ́ tí igbá rẹ tàn, ta ló tún fọwọ́ kan èèpẹ̀ ilẹ̀ wa? Wọ́n fa èèkàn wọn tu fúnra wọn. Wọ́n tún wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ."

"Kí ló dé tí kì í ṣe igbá tiyín?"

"Wúńdíá ni wọ́n ń gbà, o mọ̀."

"Ẹ̀yin sì lẹ gbà mí mọ́ra nígbà tí mò ń sunkún. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ọlá ńlá ni."

"Ọlá náà ni."

Kòfowórọlá fi ẹ̀yìn ti ògiri. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn lórí àpáta, kò sì rò ó rí pé ọjọ́ kan á délé òun. Ọwọ́ yìí ló fọ aṣọ funfun tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un jẹ Aya Òṣù. Ọwọ́ yìí ló ń se oúnjẹ rẹ̀ títí di àná.

"Ṣemílọ́rẹ mọ̀?"

"Kò mọ nǹkan kan. Ìwọ náà kò mọ nǹkan kan nígbà náà." Àdúrà gbójú sókè. "Ìgbàgbọ́ rẹ ló mú kí wọ́n gbà ọ́ gbọ́. Bó o bá mọ̀ ni, wọn ì bá ti rí i lójú rẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Kòfowórọlá ju gbogbo èyí tó ti gbọ́ lọ, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Àdúrà kì í wọ igbó. Láti ìgbà tí ejò ti bu bàbá wọn jẹ ní igbó ńlá tó wà lẹ́yìn odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kọjá etí oko.

"Ta ló mú olú náà wá fún yín nígbà náà?"

"Mo búra pé mi ò ní sọ."

"Níwájú ta lẹ ti búra? Olójúòru?"

Àdúrà ká etí ìró rẹ̀ tó ń tàn mọ́ra. Ó jọ pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ ni. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

"Mùkáílà ni," ó ní.

Aya Òṣù kì í jáde ní Òkè-Òṣù ní ọjọ́ àrànmọ́jú. Kòfowórọlá wé gèlè, ó wọ bàtà, ó sì jáde. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀, ó dá ọ̀kadà kan dúró, ó ní kó gbé òun lọ sí Ìwó. Ọlọ́kadà náà wo aṣọ funfun rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, kò sì bi í ní nǹkan kan títí tí wọ́n fi dé.

Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ń fẹ́ sí i lójú. Lọ́nà, àwọn tó ti dá ẹjọ́ fún bẹ̀rẹ̀ sí í tò kọjá lọ́kàn rẹ̀. Kí ó tó sọ̀rọ̀ lórí àpáta, atẹ́gùn tútù kan máa ń fẹ́ sí i lẹ́yìn ọrùn, ibẹ̀ ló sì ti máa ń mọ ohun tó máa sọ. Atẹ́gùn yẹn ló fi mọ ibi tí ọmọ kan tó sọnù wà, nínú kòtò tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀, ọmọ náà ṣì ń mí. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn yẹn kan náà ló fi sọ fún obìnrin kan láti Ilé-Ogbó pé kó padà sílé ọkọ tó ń lù ú. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì padà. Kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Tí kì í bá ṣe òṣùpá ló yan òun, ta ló wá ń fẹ́ atẹ́gùn sí òun lọ́rùn láti ọjọ́ yìí?

Ó di irin ẹ̀yìn ọ̀kadà mú ṣinṣin.

Ibi ìlagi ni Mùkáílà wà. Òun ló ni ín báyìí. Nígbà tí wọ́n mọra, òun ló ń tẹ̀ lé àwọn agégi wọ igbó lẹ́yìn Òkè-Òṣù, tó ń fi ejìká ru pákó. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, fìlà híhun wà lórí rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó sì bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ràhámọ̀tù, jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ó ń ka Kùránì. Òun ló kọ́kọ́ rí àlejò. Ó pa Kùránì dé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ wá jókòó síbi tó tutù."

Mùkáílà nawọ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ kó tó rántí ara rẹ̀.

"Aya Òṣù, ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ kì í jáde lọ́jọ́ bí òní."

Kòfowórọlá dúró títí tí Ràhámọ̀tù fi wọlé lọ bu omi.

"Olú tó ń tàn," ó ní.

Mùkáílà kò ní kó ṣàlàyé ohun tó ń sọ. Ó ṣí fìlà, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú dànù lára rẹ̀, ó sì tún gbọn ọ́n nígbà tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́.

"Àdúrà ló bi mí bóyá mo ti rí i rí. Ó ní àgùnmu lòun fẹ́ fi ṣe. A máa ń rí i lára àwọn igi tó ti wó, nínú igbó lọ́hùn-ún. Mo kó o wá fún un, mo sì júwe ibi tó wà, kó lè rán èèyàn lọ já a nígbà mìíràn."

"O ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe."

"Lọ́jọ́ yẹn, rárá. Wal-Láhì, mi ò mọ̀." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé igbá rẹ tàn, mo mọ̀. Mo ní kí Àdúrà búra pé kò ní dárúkọ mi."

Kò pè é ní ẹ̀yin mọ́. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ.

"O mọ̀," Kòfowórọlá ní.

"Mo mọ̀."

"O wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo wà lórí àpáta, wọ́n ń fá orí mi. O jókòó sí ìsàlẹ̀, o fi orí lé orúnkún, o ń sunkún."

"Mo sunkún."

"Tí o bá la ẹnu rẹ lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá tú mi sílẹ̀."

Mùkáílà wo apá ibi tí ìyàwó rẹ̀ gbà lọ. "Bàbá mi ti ní òun kò ní tẹ̀ lé mi lọ ìdána nílé àwọn tó ń bọ òṣùpá. Ó ní àwa náà ń wo òṣù kí a tó gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í forí balẹ̀ fún un. Ó ní bí mo bá fẹ́ ọ, kí n má pe òun ní bàbá mọ́. Oṣù méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri nínú mi tí mi ò lè sọ ọ́ fún ọ. Ìgbà tí wọ́n wá ní òṣùpá ti gbà ọ́…" Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ó rọ̀ mí lọ́rùn, Kòfó. Mo sunkún, ẹkún gidi ni, ṣùgbọ́n ó rọ̀ mí lọ́rùn."

Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kòfowórọlá wo ọkùnrin náà pẹ́. Kò burú lójú. Kò tilẹ̀ tíì gbó jù. Láti gbogbo ọdún yìí, ní alẹ́ tí ilé bá dákẹ́ jù, ẹkún ọmọkùnrin kan nísàlẹ̀ àpáta ló fi ń gbé ara rẹ̀ ró: pé ẹnì kan wà ní Ìwó tó pàdánù ohun kan náà tí òun pàdánù, pé òrìṣà ló ya àwọn méjèèjì, kì í ṣe èèyàn. Kò mọ̀ pé òun nìkan ló wà nínú ọ̀fọ̀ náà.

"Ẹkún yẹn ni mo ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí," ó ní.

"Ẹkún òótọ́ ni."

"Mo gbà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí."

Ràhámọ̀tù mú omi tútù dé nínú ife, ó fi àwo gbé e. Ó ní ọkọ òun máa ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé òun mọ Aya Òṣù nígbà tí kò tíì di Aya Òṣù, pé kò sí obìnrin tó tún lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Kòfowórọlá mu omi náà tán. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ náà, ó sì jáde sójú títì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ìlagi kò dún fún ìgbà pípẹ́.

Kò padà sílé. Orí àpáta ló gbà lọ tààrà, ó sì jókòó síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, nínú oòrùn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí lọ́sàn-án. Àpáta náà gbóná mọ́ ọn nídìí. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń rí òrùlé ilé wọn, ó ń rí oko bàbá wọn tí Àdúrà fi òun gbà padà, ebè lórí ebè, gbágùúdá tó dúdú dáadáa. Ilẹ̀ tó dára ni. Kò lè purọ́ pé kò dára.

Ibẹ̀ ló ti pinnu. Àwọn nọ́ọ̀sì ní Ìwó ti gba Ṣemílọ́rẹ sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ìwé ti dé láti oṣù tó kọjá. Ọmọ ogún ọdún, tó mọ ìwé, tó máa ń rẹ́rìn-ín títí tí omi á fi jáde lójú rẹ̀. Wọn ò ní fi ọmọ yìí náà ra ilẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í gun àpáta wá. Wọ́n wọ funfun. Baálẹ̀ Fáwọlé ló ṣáájú, ó ń fi ọ̀pá gun ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn obìnrin, lẹ́yìn wọn ni àwọn wúńdíá pẹ̀lú igbá lórí. Àdúrà dúró láàárín àwọn obìnrin, kò wò ó. Bóyá ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti dé ojú ayé, Kòfowórọlá kò ní lè sọ ọ́. Ó mọ àbúrò rẹ̀ dáadáa. Ohun tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbójú lé nìyẹn.

Òṣùpá yọ. Ó tóbi, ó pọ́n bí pupa ẹyin, ó sì rọra ń gòkè lẹ́yìn àwọn ọ̀pẹ. Gbogbo èèyàn kúnlẹ̀. Gbogbo wọn ń retí ohùn Aya Òṣù tí yóò bẹ̀rẹ̀ oríkì.

Kòfowórọlá kò bẹ̀rẹ̀ oríkì.

"Ṣemílọ́rẹ, gbé igbá rẹ wá."

Ọmọ náà dìde, ó gbé igbá rẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán. Kòfowórọlá gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì da omi inú rẹ̀ sórí àpáta. Kùn-ùn kan gba àárín àwọn èèyàn kọjá. Ó bọ́ ìborùn tó nípọn tó wà léjìká rẹ̀, ó fi bo igbá, ó sì gbé e lọ bá Baálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki orí bọ abẹ́ aṣọ yìí."

"Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Ẹ sáà wò ó."

Bàbá arúgbó náà ki orí bọ̀ ọ́. Ó pẹ́ lábẹ́ aṣọ. Nígbà tó yọrí, fìlà rẹ̀ ti wọ́ kúrò lórí, kò sì rántí láti tún un dé.

"Ó ń tàn," ó ní.

"Òṣùpá kò sí lábẹ́ aṣọ, Bàbá." Ó yíjú sí gbogbo wọn. "Olú inú igbó ni wọ́n fi pa á. Olú yìí náà ni wọ́n fi pa igbá tèmi nígbà náà. Mi ò mọ̀. Àárọ̀ òní ni mo mọ̀. Olójúòru kò yàn mí. Gbogbo ẹjọ́ tí mo dá fún yín, èmi ni mo dá a. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó padà wá. A ó jọ tún un wò lójú ọ̀sán, níwájú Baálẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe é."

Kò sọ ẹni tó pa igbá náà. Kò sí ìdí tó fi máa sọ ọ́. Àdúrà ti jókòó sórí àpáta, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú bí ti ọmọdé, gbogbo ojú sì ti wà lára rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Obìnrin àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ọkùnrin kan bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ààlà oko tèmi wá ńkọ́?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, àwọn kan ń bojú wẹ̀yìn wo òṣùpá bí ẹni ń wo àlejò tí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa kí mọ́.

Baálẹ̀ ló kẹ́yìn. "Ó yẹ kí o kọ́kọ́ wá bá mi nílé, ọmọ mi," ó ní.

"Ẹ̀yin ì bá ní kí n bò ó mọ́lẹ̀, Bàbá."

Bàbá náà kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ.

Àdúrà dìde. Ó gbọn ìró rẹ̀. "Ilẹ̀ yẹn ti lọ nìyẹn," ó ní. "Kó tó di ìkórè, wọ́n á ti kan èèkàn."

"Kí wọ́n kàn án. Ẹ ti fi mí ṣọ́ ọ látọjọ́ yìí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó rẹ̀ mí."

Àdúrà wò ó, ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Kò fọwọ́ kàn án. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ, ó ń fi ọwọ́ kan àpáta níbi tó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ṣemílọ́rẹ ló kù. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi tí wọ́n ti gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, omi tí Kòfowórọlá dà nù sì ti rin aṣọ funfun rẹ̀ lórúnkún. Kòfowórọlá fà á dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀.

"Ó ti tán," ó ní. "Lọ kó ẹrù rẹ, kí o máa lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ. Kò sẹ́ni tó máa dè ọ́ mọ́ àpáta yìí mọ́."

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ lọ?"

Kòfowórọlá rò pé òun kò gbọ́ dáadáa ni.

"Bàbá mi ló fọwọ́ sí ìwé yẹn, Ìyá. Èmi kọ́." Ṣemílọ́rẹ fi ẹsẹ̀ tẹ àpáta. "Láti kékeré ni mo ti máa ń gun ibí wá tí ẹ bá ti sùn. Mo máa ń bá Olójúòru sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ mi. Kì í ṣe nítorí igbá, mi ò bìkítà nípa igbá. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n wá síbí lónìí, kí n gbé ara mi kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kó mú mi tàbí kó má mú mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn."

"Ẹ̀tàn ni, Ṣemílọ́rẹ. O rí i pé ẹ̀tàn ni."

"Àwọn tó pa igbá ló tàn yín. Òun kọ́." Ó na ọwọ́ sí òkè, kò wo ibẹ̀. "Ìyá Àgbà fẹ́ kí n dúró, kò bi mí. Ẹ̀yin fẹ́ kí n máa lọ, ẹ ò bi mí. Mo wà nínú ilé pẹ̀lú yín láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú."

Kòfowórọlá la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti dé orí ahọ́n rẹ̀: nítorí tìrẹ ni mo ṣe é. Ó gbọ́ ọ kó tó jáde, ohùn Àdúrà ló sì fi gbọ́ ọ. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ó wo ojú ọmọ náà. Kì í ṣe ojú ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀. Ojú ẹni tó ń wo ọwọ́ tó tọ́ ọ dàgbà ni, tí kò sì mọ̀ ọ́n mọ́.

Òṣùpá ti kúrò lẹ́yìn ọ̀pẹ, pípọ́n rẹ̀ ti ń lọ. Òjìji àwọn méjèèjì nà sílẹ̀ lórí àpáta. Atẹ́gùn kò fẹ́ sí Kòfowórọlá lọ́rùn, ọ̀rọ̀ kankan kò sì wá sí i lọ́kàn láti sọ. Ó jókòó sílẹ̀, sí ìsàlẹ̀ ibi tí ọmọ náà dúró sí, ó ká ẹsẹ̀ kò.

"Kí lo máa ń sọ fún un?" ó bi í.

Ṣemílọ́rẹ kò jókòó. Ó dúró pẹ́, ó ń fún aṣọ tútù rẹ̀ níbi orúnkún, ó ń wo ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀, ó tún ń wo òkè. Kòfowórọlá kò fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ó jókòó, ó ń dúró, kò sì mọ ohun tí ọmọ náà máa sọ.